Ṣé dandan ni kí tíìmù orílẹ̀-èdè ní súpásítà kó tó lè gba ife?

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti ń fa á tipẹ́. Èmi sọ pé tíìmù tí ò bá ní ẹnì kan tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ò lè gba ife kankan. Ẹ wo Ajẹntínà: Maradona ní Ife Àgbáyé 1986, Messi ní 2022. Òun ní irọ́ ni, ó ní ta ni súpásítà Gíríìsì nígbà tí wọ́n gba ife Yúróòpù ní 2004? Mo ní ìyẹn kàn ṣèèṣì ni. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?"

* * *

Ọ̀rẹ́ yín ló jàre, àmọ́ kò jàre dé ibi tó rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "ó ṣèèṣì" yẹn ná, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Gíríìsì ni ẹnì kan máa ń sọ ọ́, ó sì máa ń dùn mí. Gíríìsì na Pọ́túgà 2-1 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ṣí ìdíje yẹn. Wọ́n tún pàdé Pọ́túgà yìí kan náà ní fáínà, ní Lisbon, lójú àwọn onílé, wọ́n tún nà wọ́n, 1-0. Láàárín méjèèjì wọ́n ti lé Faransé lọ sílé, Faransé tí Zidane àti Henry wà níbẹ̀ o, 1-0, wọ́n tún lé àwọn Czech lọ, 1-0. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kòmẹsẹ̀-ó-yọ mẹ́ta, gòólù mẹ́ta, orí ni wọ́n fi kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, wọn ò sì jẹ́ kí ẹyọ kan wọlé tiwọn. Ẹni tó bá ṣèèṣì kì í ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra.

Otto Rehhagel, ará Jámánì tó jẹ́ kóòṣì wọn, mọ̀ dájú pé òun ò ní ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù já èèyàn mẹ́rin sílẹ̀. Torí náà ó ní kí àwọn adilémú òun máa lẹ̀ mọ́ àwọn atamátàsé yòókù, ẹnì kan sí ẹnì kan, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n mí, tí wọ́n bá wá rí kọ́ọ̀nà tàbí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí àwọn tó ga nínú wọn lọ dúró dè é. Eré yẹn ò dùn ún wò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ètò ni, kì í ṣe oríire.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni pé Gíríìsì kan ṣoṣo ò sọ sítà di ẹni tí ò wúlò. Ohun tó fi hàn ò ju pé kì í ṣe dandan lọ.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Maradona nìkan ló gba ife 1986, mo gbọ́ yín. Èmi náà ò tíì rí ẹni tó gbá ìdíje kan bó ṣe gbá ìyẹn. Gòólù márùn-ún ló jẹ, ó sì gbé bọ́ọ̀lù márùn-ún kalẹ̀ fún àwọn mìíràn tí wọ́n fi jẹ gòólù. Gòólù kejì tó jẹ England yẹn, tó gbà á láti ìdajì pápá tiwọn, tó ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kọjá aṣọ́lé, kò sí kóòṣì láyé yìí tó lè kọ́ èèyàn nírú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní òun ló gbé wọn dé fáínà, mi ò ní bá yín jà.

Fáínà ọ̀hún wá ńkọ́? Maradona ò jẹ gòólù kankan níbẹ̀. Brown tó jẹ́ adilémú ló fi orí kan àkọ́kọ́ wọlé, Valdano jẹ èkejì, àwọn Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì dá méjèèjì padà nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, lẹ́yìn náà ni Maradona ti bọ́ọ̀lù síwájú Burruchaga, tó sáré lé e, tó gbá a wọlé. Ẹ fojú sí ibi tí Burruchaga wà. Àwọn Jámánì ti ní kí Matthäus máa tẹ̀lé Maradona kiri, ọ̀pọ̀ ojú ló wà lára ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí pápá fi ṣófo fún ẹlòmíì. Tí Burruchaga bá jẹ́ irú èèyàn tó ń dúró wo sítà ni, ta ni ìbá gba páàsì yẹn?

Àti Bilardo, kóòṣì wọn, èèyàn kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n máa kojú England, ó kó mẹ́ta sẹ́yìn, ó kó márùn-ún sí àárín, kí Maradona má bàa máa sáré padà wá lé bọ́ọ̀lù. Batista, Giusti, Enrique, àwọn yìí ló ń bá a ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ bi ẹni tó ní Maradona nìkan ló gbà á bóyá ó mọ orúkọ mẹ́ta yẹn.

* * *

Ẹnì kan ní kí n fi òwe parí ẹ̀, pé igi kan kì í dágbó ṣe. Òwe dáa, àmọ́ kò yanjú ìjà yìí, torí àwọn tó wà lápá kejì náà lè sọ pé nínú igbó kan náà igi kan máa ń ga ju gbogbo igi lọ. Àpẹẹrẹ la fẹ́.

Tí sítà nìkan bá tó láti gba ife, George Weah ìbá ti gbà á. Òun nìkan ni ọmọ Áfíríkà tó tíì gba Ballon d'Or, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lágbàáyé, 1995 ni wọ́n fún un. Làìbéríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún ò dé Ife Àgbáyé rí. Wọ́n dé AFCON, ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1996 àti ní 2002, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti padà sílé nígbà méjèèjì. Marta ará Bràsíl ńkọ́? Ife Àgbáyé mẹ́fà ló gbá, láti 2003 dé 2023, gòólù 17 ló jẹ níbẹ̀, kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, síbẹ̀ kò gba ife yẹn rí. Ẹ wo Salah ará Íjíbítì náà: fáínà AFCON méjì, 2017 àti 2021, ó pàdánù méjèèjì. Íjíbítì yìí kan náà ló gba ife yẹn lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra, 2006, 2008, 2010, pẹ̀lú àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, lábẹ́ kóòṣì Hassan Shehata. Àwọn Aboutrika mọ bọ́ọ̀lù gan-an, mi ò sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe orúkọ tí àwọn kíláàbù ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù ń jà lé lórí.

Ẹnì kan fèsì fún mi pé Weah ò ní olùrànlọ́wọ́. Ẹ ṣé. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn! Kíláàbù tó bá ní sítà tí ò ní adilémú, á kówó jáde, á ra adilémú. Orílẹ̀-èdè ò lè rà. Ohun tí wọ́n bí ni wọ́n máa lò, ẹni tó bá sì bí Weah láìbí ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù fún un, ó di kó máa sáré láti ẹ̀yìn dé iwájú. Torí ẹ̀ ni mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń fi bí èèyàn ṣe ń ṣe ní kíláàbù díwọ̀n bó ṣe máa ṣe fún orílẹ̀-èdè. Ní kíláàbù ó ń bá àwọn kan náà gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́. Ní tíìmù orílẹ̀-èdè wọ́n á kó ara wọn jọ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á tún pínyà.

* * *

Ọ̀rọ̀ Messi ni mo fẹ́ ká jókòó tì dáadáa, torí òun lẹ fi ṣe ẹ̀rí, ẹ̀rí yẹn ò sì gbè yín.

Messi tó gba ife ní 2022, ṣé kì í ṣe òun kan náà ló wà níbẹ̀ ní 2014 ni? Ẹni ọdún 27 ni nígbà yẹn, ara ẹ̀ ṣì yá ju ti 2022 lọ, òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù nínú ìdíje náà, síbẹ̀ Götze jẹ gòólù kan ní ìṣẹ́jú 113, Jámánì gbé ife lọ. 2015, Ṣílè nà wọ́n ní pẹnáritì ní fáínà Copa América, ife ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. 2016, Ṣílè kan náà, pẹnáritì kan náà, Messi gbá tiẹ̀ sókè, ó bínú, ó ní òun ò gbá fún orílẹ̀-èdè mọ́, kó tó wá yí ọkàn padà. Ẹ ṣírò ẹ̀. Fáínà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọ àfikún àkókò, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 360, Ajẹntínà ò jẹ gòólù ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹ̀. Pẹ̀lú Messi. Pẹ̀lú Higuaín, pẹ̀lú Agüero.

Ẹni tó bá wo àwọn eré yẹn á rántí bó ṣe máa ń rí. Bọ́ọ̀lù á dé àárín, gbogbo ojú á yí sí ibi tí Messi wà, ẹni tí ààyè wà níwájú ẹ̀ á dúró, á máa wá a kiri, á fún un láàárín èèyàn mẹ́ta, á wá dúró síbẹ̀ máa wòran bí ẹni pé iṣẹ́ tiẹ̀ ti parí. Àìsàn yẹn ni mo ń pè ní ìdúró-de-sítà, mi ò rí tíìmù kan tó gbé e wọ fáínà tí kò dá wọn lẹ́kun.

Kí ni Scaloni, tó wá di kóòṣì Ajẹntínà, wá ṣe? Kò mú Messi kúrò. Ó wá àwọn tí ò ní máa dúró dè é. Nígbà tí wọ́n gba Copa ní 2021, ní Maracanã, lójú àwọn Bràsíl, gòólù kan ṣoṣo tó wọlé, De Paul ló gbé bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, Di María ló gbá a kọjá lórí aṣọ́lé, Messi ò fẹsẹ̀ kàn án rárá. Ní 2022, Saudi Arabia nà wọ́n 2-1 ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Kóòṣì mìíràn á ní kí wọ́n túbọ̀ máa wá Messi. Scaloni yí tíìmù padà, kó tó di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta Mac Allister, Enzo Fernández àti Julián Álvarez ti wọlé, àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn kì í dúró. Álvarez jẹ gòólù mẹ́rin. Messi jẹ méje, ó sì ń rìn lápá tó pọ̀ nínú eré, De Paul ń sá eré tiẹ̀ mọ́ ti Messi, inú ẹnikẹ́ni ò bà jẹ́ sí i torí wọ́n ti jọ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Ẹ wá wo 2024. Fáínà Copa, Kòlóḿbíà ni wọ́n ń bá gbá, Messi fara pa, ó jókòó sórí béńṣì ó ń sunkún. Kí ló ṣẹlẹ̀? Lautaro Martínez jẹ gòólù ní ìṣẹ́jú 112, wọ́n gbé ife. Ẹ bá mi sọ bóyá tíìmù ti 2014 lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá gbé Messi jáde. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹ ti wọ́ ọ̀rọ̀ lọ sórí pẹnáritì, pé sítà ló yẹ kó gbá a torí ọkàn ẹ̀ le. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀.

Drogba, AFCON 2012, fáínà pẹ̀lú Sámbíà, 0-0, wọ́n fún Ivory Coast ní pẹnáritì nígbà tó kù bí ogún ìṣẹ́jú. Drogba gbá a lọ sókè. Ivory Coast yìí ò jẹ́ kí gòólù kankan wọlé wọn nínú gbogbo ìdíje yẹn o, Yaya Touré wà níbẹ̀, Gervinho wà níbẹ̀, ó já sí pẹnáritì, Sámbíà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn gbà á 8-7. Roberto Baggio, 1994: gòólù márùn-ún ló fi gbé Ítálì kọjá Nàìjíríà, Sípéènì àti Bulgaria dé fáínà, òun náà ló gbá pẹnáritì tó gbẹ̀yìn lọ sókè. Mo máa ń bá àwọn tó bú Baggio jà títí dòní. Láìsí i wọn ò ní dé ibẹ̀.

Kì í ṣe bóyá kí sítà gbá pẹnáritì ni ìjà gidi tó wà níbẹ̀. Ipò kelòó ló yẹ kó gbá? Ọ̀pọ̀ kóòṣì máa ń fi í sí ìkarùn-ún, kó lè jẹ́ òun ló máa parí ẹ̀, kí fọ́tò lè dùn. Ronaldo wà ní ìkarùn-ún nígbà tí Pọ́túgà pàdé Sípéènì ní sẹmi-fáínà Yúróòpù 2012, eré parí kó tó kàn án. Salah wà ní ìkarùn-ún ní fáínà AFCON pẹ̀lú Sẹ̀nẹ̀gà, eré parí kó tó kàn án. Ẹni tó mọ pẹnáritì gbá jù nínú yín, ó dúró láàárín pápá, ó ń wo bí ẹ ṣe ń lulẹ̀! Ní Yúróòpù 2016, Ronaldo ló gbá àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n kojú Poland, ó wọlé, Pọ́túgà borí. Messi ló gbá àkọ́kọ́ fún Ajẹntínà nígbà méjèèjì tó di pẹnáritì ní 2022, ó wọlé nígbà méjèèjì. Lóòótọ́ òun náà ló gbá àkọ́kọ́ ní 2016 tó lọ sókè, kò sí ibi tí ò ní ewu, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá rí i gbá.

Sadio Mané nìkan ni mo fi sílẹ̀ nínú àròyé yìí. Fáínà Sẹ̀nẹ̀gà àti Íjíbítì yẹn kan náà, ó pàdánù pẹnáritì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, aṣọ́lé Íjíbítì gbá a dànù. Nígbà tó tún wá di pẹnáritì lẹ́yìn 120 ìṣẹ́jú, òun ló jáde wá gbá èyí tó parí ẹ̀, ó wọlé, ife AFCON àkọ́kọ́ tí Sẹ̀nẹ̀gà gbà rí. Tí sítà kan bá wà tí mo lè sọ pé ọkàn ẹ̀ ló gba ife, òun ni.

* * *

Kí èyí tó tutù: ẹnì kan béèrè pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí sítà bá fara pa, ṣé tíìmù ò ní túká ni.

Bí wọ́n bá ṣe múra ẹ̀ sílẹ̀ ni. Pelé fara pa ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì ní Ife Àgbáyé 1962, kò tún gbá mọ́ nínú ìdíje yẹn. Amarildo wọlé dípò ẹ̀, ó jẹ gòólù méjèèjì tí wọ́n fi na Sípéènì, Garrincha gba iṣẹ́ tó kù, Bràsíl gbé ife. Ní 2014, wọ́n ṣe Neymar léṣe nígbà tí wọ́n ń kojú Kòlóḿbíà. Bràsíl jáde wá fún sẹmi-fáínà, wọ́n gbé jẹ́sì Neymar dání nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó kú, kó tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú Jámánì ti jẹ márùn-ún. 7-1 ló parí sí. Òótọ́ ni pé Thiago Silva náà ò sí níbẹ̀ torí káàdì, adilémú yẹn sì ni mo rò pé wọ́n ṣàárò jù. Àmọ́ Neymar ni gbogbo ilé ń sunkún lé lórí.

Fi èyí wé Pọ́túgà ní fáínà Yúróòpù 2016. Ronaldo jáde ní ìṣẹ́jú 25, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Wọn ò sunkún. Pepe ń lé gbogbo nǹkan kúrò lẹ́yìn, Rui Patrício ń mú bọ́ọ̀lù, Éder tó wọlé láti béńṣì gbá a láti òkèèrè ní ìṣẹ́jú 109, Faransé tó gbàlejò ò gbé ife. Mi ò sọ pé Ronaldo ò ṣe nǹkan kan, gòólù méjì tó jẹ Hungary nígbà tí wọ́n gbá 3-3 ni ò jẹ́ kí wọ́n tètè lọ sílé. Sítà gbé wọn dé ibì kan, àwọn tó kù gbé e dé ilé.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni kí kóòṣì máa wọ́ sítà tí ara ẹ̀ ò tíì yá wọ pápá. Faransé 2002: Zidane fara pa níbi itan kó tó bẹ̀rẹ̀. Henry tó jẹ gòólù jù ní England lọ́dún yẹn wà níbẹ̀, Trezeguet àti Cissé tí àwọn náà wà lókè tente ní Ítálì àti ní Faransé wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń wá? Síbẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà nà wọ́n, wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Uruguay, ni wọ́n bá di itan Zidane ní báńdéèjì, wọ́n tì í wọlé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta. Denmark nà wọ́n 2-0. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, gòólù òdo. Ìdúró-de-sítà náà ni, àní nígbà tí sítà wà lórí béńṣì.

Ẹ sì wo Faransé yìí náà ní 1998: Zidane gba káàdì pupa nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ̀lú Saudi Arabia, kò sí níbẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì. Blanc jẹ gòólù tó lé Paraguay lọ. Ní sẹmi-fáínà Thuram, adilémú, jẹ méjì, àwọn gòólù méjì yẹn nìkan ló sì jẹ fún orílẹ̀-èdè ẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni Zidane wá fi orí kan méjì wọlé ní fáínà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

* * *

Èmi náà ti gbá bọ́ọ̀lù nínú tíìmù kan, eré ìdárayá lásán, tí ọmọ kan wà níbẹ̀ tó dáa ju gbogbo wa lọ pátápátá. Iwájú ni mo ń gbá. Ohun tí mo rántí ni pé mo ṣíwọ́ wíwo gòólù. Bọ́ọ̀lù á dé ẹsẹ̀ mi, ààyè á wà, màá yíjú wò ó. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún wa bẹ́ẹ̀, òun alára máa ń pariwo pé ká gbá a. Ọjọ́ tí kò wá ni a máa ń gbá bọ́ọ̀lù tó dáa jù, kì í ṣe torí pé ó ń ba nǹkan jẹ́, torí pé kálukú tún ti ní iṣẹ́ ni.

* * *

Àwọn kan ní kí n ṣàlàyé Sípéènì 2010, pé sítà ló kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ ka gòólù wọn: mẹ́jọ péré nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje, Villa nìkan jẹ márùn-ún níbẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kòmẹsẹ̀-ó-yọ mẹ́rin, 1-0, 1-0, 1-0, 1-0. Ẹ̀yìn tí ò jò ló gba ife yẹn. Ítálì 2006 náà: èèyàn mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jẹ gòólù fún wọn, kò sí ẹni tó jẹ ju méjì lọ, gòólù méjì péré ló wọlé wọn, ọ̀kan tí ara wọn gbá wọlé ara wọn, ọ̀kan tí Zidane fi pẹnáritì jẹ. Ẹni tó gba Ballon d'Or lọ́dún yẹn, Cannavaro, adilémú.

Ó sì mú mi dé ibi tí mo ti ń fẹ́ dé látàárọ̀. Tí ẹ bá ní dandan ni kí ẹnì kan tó ju ẹnikẹ́ni lọ wà nínú tíìmù, mo máa gbà, kó ṣáà ti jẹ́ aṣọ́lé. Denmark 1992 ni kí ẹ fi wò ó. Wọn ò tiẹ̀ yege fún ìdíje Yúróòpù yẹn, Yugoslavia ni wọ́n yọ kí wọ́n tó pè wọ́n. Michael Laudrup, sítà wọn pátápátá tó ń gbá fún Barcelona, ti bá kóòṣì jà, kò lọ. Schmeichel, aṣọ́lé wọn, lọ. Sẹmi-fáínà di pẹnáritì, ó mú ti van Basten ará Netherlands, wọ́n na Jámánì 2-0 ní fáínà. Casillas, aṣọ́lé Sípéènì, fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù Robben ará Netherlands dànù ní fáínà 2010, òun àti Robben nìkan ló kù níbẹ̀, tí ìyẹn bá wọlé kò sí gòólù Iniesta tí ẹ ń sọ. Donnarumma, aṣọ́lé Ítálì, mú pẹnáritì méjì England ní fáínà Yúróòpù tí wọ́n gbá ní 2021, òun ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù. Àti Messi tẹ́ ẹ ń gbé kiri yẹn: fáínà 2022, 3-3, ó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí, Kolo Muani ti Faransé nìkan ló dojú kọ gòólù. Emiliano Martínez, aṣọ́lé Ajẹntínà, na ẹsẹ̀ òsì. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá pẹ́ díẹ̀, Messi ò gba Ife Àgbáyé títí dòní, ìbéèrè yín á sì yí padà pátápátá.

Ẹni tó ní aṣọ́lé ò lè jẹ́ sítà, mi ò mọ irú bọ́ọ̀lù tó ń wò.

* * *

Ó yẹ kí n fèsì fún ẹni tó ní kóòṣì tó bá fi orúkọ ńlá sílẹ̀ nílé ti ya wèrè. Keshi, kóòṣì Nàìjíríà, ṣe é ní AFCON 2013. Àwọn orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ wà nílé, Osaze Odemwingie wà lára wọn, ariwo pọ̀. Sunday Mba tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ló jẹ gòólù tó lé Ivory Coast ti Drogba lọ, òun náà ló jẹ gòólù kan ṣoṣo ní fáínà pẹ̀lú Burkina Faso. Kamẹrúùnù ní 2017, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n pè ló kọ̀ tí wọn ò wá, Joel Matip wà níbẹ̀. Hugo Broos, kóòṣì wọn, kó àwọn tó wá lọ, wọ́n sì gba ife. Nkoulou àti Aboubakar tó jẹ gòólù méjèèjì ní fáínà, orí béńṣì ni àwọn méjèèjì ti wọlé.

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Mikel wà nínú tíìmù Keshi yẹn, ó ń gbá fún Chelsea, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín láìpariwo. Kì í ṣe orúkọ ńlá ni Keshi ń sá fún, ẹni tí ò ní bá àwọn tó kù ṣiṣẹ́ ló ń sá fún. Osimhen náà ní AFCON tí wọ́n gbá ní 2024, òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà, gòólù kan ṣoṣo ló jẹ nínú gbogbo ìdíje, àwọn kan sì ń bú u. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ó ń lé bọ́ọ̀lù láti iwájú títí eré fi ń parí, tó ń fa adilémú méjì mọ́ra kí Lookman lè rí ààyè. Wọ́n dé fáínà. Ivory Coast tó nà wọ́n níbẹ̀ ti lé kóòṣì wọn lọ láàárín ìdíje, lẹ́yìn tí Equatorial Guinea fi 4-0 nà wọ́n.

* * *

Ìbéèrè tó kù: ẹnì kan ní tí wọ́n bá fi èmi ṣe kóòṣì, tí wọ́n ní Messi wà ńlẹ̀, ṣé màá fi í sílẹ̀?

Rárá o, ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Màá kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, màá ní òun ló máa kọ́kọ́ gbá pẹnáritì, màá wá ẹni tó máa sáré dípò ẹ̀, màá sì fi tíìmù gbá ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ méjì láìsí i níbẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ kọ. Orúkọ aṣọ́lé ni, lẹ́yìn náà àwọn méjì tó máa dúró níwájú ẹ̀.